Ẹ̀yin Tí Ẹ Sá fún Ọmọ Ìyá Yín

Inú ń bí mi, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá bọ́ sí ìgboro lónìí láìwọ aṣọ, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kọ́kọ́ ń fà yọ lápò ni fóònù. Ẹ ó ya fídíò rẹ̀, ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ọmọ Yahoo ló fi ṣe owó, pé inú ọkọ̀ olówó ńlá ló ti sọ̀ kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Kò sí ẹni tó tú ìborùn orí rẹ̀ fi bò ó. Kò sí ẹni tó bi í pé, "Kí ni orúkọ rẹ? Ọmọ ta ni ọ́?" Ṣé inú ilẹ̀ ló ti hù jáde ni? Ó ní ìyá. Ìyá náà lè ti máa wá a kiri láti ọjọ́ yìí, kó wá jẹ́ pé nínú fóònù ọmọ aládùúgbò ni yóò ti rí ìhòòhò ọmọ tó bí.

Àwọn baba wa ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ. Ìbẹ̀rẹ̀ òwe náà ni ẹ mú dání. Ìparí rẹ̀, tó ń rán wa létí pé ọmọ ẹnì kan ni, ẹ ti sọ ọ́ nù.

Kì í ṣe àwọn ará ìgboro nìkan ni mo ń bá wí o. Ẹ̀yin ẹbí ni mo dojú kọ jù. Ọ̀nà méjì ni àìsàn ọpọlọ ń gbà bá ènìyàn jà. Èyí kan wà nínú ara aláàárẹ̀ fúnra rẹ̀, oògùn la sì fi ń bá ìyẹn wọ̀yá ìjà. Èkejì wà lọ́wọ́ àwa tí a yí i ká: orúkọ tí a pè é, ojú tí a fi wò ó, ibi tí a tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, ẹni tó ń bá a jẹun. Èkejì yìí ni ẹ fi ń pa wọ́n.

Ẹ má sọ pé àgbàlagbà kan ló kàn ń pariwo. Ní 2005, Oye Gureje, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìwòsàn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Ilẹ̀ àwa Yorùbá ni wọ́n ti ṣe é, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá ènìyàn tó lé ní 2,000 lẹ́nu wò. Nínú 100 ènìyàn, àwọn tó lé ní 96 ló gbà pé oníwà ipá ni ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe. Bíi 83 sọ pé ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a tàkúrọ̀sọ lásán. Àwọn tó ní àwọn lè fẹ́ ẹ kò ju 17 lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aláàárẹ̀ yìí kò gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ni ọmọ ìta ń sọ lókò. Àwọn ni ọkùnrin burúkú ń fipá bá lò pọ̀ lóru lábẹ́ afárá.

Ìbẹ̀rù yẹn ló mú kí ẹ máa fi wọ́n pamọ́. Bí ọmọkùnrin ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tí kò sùn lóru, tó ń fura sí oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ sè, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn yín ni àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ará ilé ọkọ ń bọ̀ wá tọrọ. Ẹ mọ̀ pé wọn yóò ṣe ìwádìí. Ẹ kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé wèrè wà nínú ẹbí. Ẹ ó ti ọmọ mọ́ yàrá ẹ̀yìn, ẹ ó ní ó rìnrìn àjò. Oṣù á di ọdún. Àìsàn tí ì bá rọjú ká ní ó tètè rí ìtọ́jú yóò ta gbòǹgbò. Nígbà tí ìyàwó bá ti relé ọkọ tán tí ẹ wá rántí ilé ìwòsàn, ẹ ó bú dókítà pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí náà kò mọ́ lọ́rùn. Ẹ̀ ń béèrè bóyá wèrè wà nílé àna, ẹ kì í béèrè ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ìdílé tó dúró ti aláàárẹ̀ rẹ̀ fún ogún ọdún, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń ra oògùn rẹ̀, tí kò sì fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́ fún àlejò, ibẹ̀ ni èmi fẹ́ kí ọmọ mi ti fẹ́ aya.

Ó dà bí ẹni pé ẹ kò mọ ohun tí ilẹ̀ yìí ti ṣe rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ilé wèrè tí ìjọba amúnisìn ṣí ní Yábàá ní ìlú Èkó ní 1907, ibi tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí oníṣègùn ọpọlọ tó dé ibẹ̀. Nígbà tó di 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, Thomas Adéoyè Lámbò, gba àkóso ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní ìlú rẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, bẹ́ẹ̀ àwọn aláàárẹ̀ ti wà nílẹ̀. Lámbò kò dúró de bíríkì. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọ inú àwọn abúlé tó wà nítòsí lọ, wọ́n bá àwọn baálé àti àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn yẹn sì gbà láti máa fi yàrá háyà fún aláàárẹ̀.

Àṣẹ kan wà tí Lámbò fi lélẹ̀ tó yẹ kí olúkúlùkù yín kọ́ sórí: ẹbí tó bá mú aláàárẹ̀ wá gbọ́dọ̀ fi ènìyàn tì í. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá àgbà, ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ẹni yẹn ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà lọ́sàn-án sínú abúlé, sáàárín ọmọdé tó ń ṣeré, obìnrin tó ń gún iyán, àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀. Aláàárẹ̀ ń bá wọn roko. Bí wọ́n bá ń ṣọdún, ó ń bá wọn jó. Oògùn òyìnbó wà níbẹ̀ o: abẹ́rẹ́ wà, hóró oògùn wà, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe wà. Lámbò sì tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọlé, kí wọ́n bá wọn dá sí ìgbé ayé abúlé, sí ijó àti ètùtù tí ọkàn aláàárẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn ará abúlé náà rí èrè rẹ̀. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti kọ́ yàrá kún yàrá, omi tó mọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn.

Nígbà tó di 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà ti ṣe àpérò wọn àkọ́kọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta yẹn sì gòkè títí ó fi di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ẹ wò ó: ohun tí ayé wá kọ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Yàrá háyà, ìkòkò ọbẹ̀, àti ìbátan kan tí kò lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn kan náà ló ṣe ìwádìí kan tí àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dáadáa, tó sì yẹ kí gbogbo olórí ẹbí mọ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1960 lọ, wọ́n yan ìlú mẹ́sàn-án káàkiri ayé. London wà níbẹ̀, Washington wà níbẹ̀, Moscow, Prague, Aarhus, Taipei, Cali, Agra ní Íńdíà. Ìbàdàn wà níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tí irú wèrè tí dókítà ń pè ní schizophrenia ń ṣe sílẹ̀, wọ́n sì padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra, níbi tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n tí bẹ́ẹ̀dì kò sì tó, ṣe dáadáa ju àwọn tó wà ní ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wọn tọ́ka sí ni agbo ilé: pé aláàárẹ̀ kò dá wà, pé iṣẹ́ oko àti ọjà wà tó lè padà sí díẹ̀díẹ̀, pé ẹnì kan máa ń jí i láàárọ̀ tí yóò pè é lórúkọ.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí wọ́n rí ní London fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1950 ni olùwádìí kan tó ń jẹ́ George Brown ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn ọpọlọ dé ilé wọn. Ohun tí òun àti àwọn tó gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ rí ni pé àwọn tó padà sínú ilé èébú, níbi tí wọ́n ti ń ka àléébù wọn sí wọn létí láràárọ̀, ni àìsàn sábà máa ń tún dá wó. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹnu yín lè dá àìsàn padà.

Nítorí náà, ìwọ ẹ̀gbọ́n tó ń sọ fún àbúrò rẹ lójoojúmọ́ pé, "Igbó lo mu, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ fà á," tìrẹ rèé. Bí ó bá mu igbó ńkọ́? Bí ó bá ti fa "ice", tó ti mu kódíìnì, tó ti gbé tramadol mì? Mo kórìíra àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, mo sì ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ kí ẹ jìnnà sí wọn, nítorí wọ́n ń da orí rú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Àìsàn tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà, àìsàn náà ni. Ìwọ tó mutí tó jẹ ọ̀rá títí ẹ̀jẹ̀ rẹ fi ru tó o fi rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ẹbí kò lé ọ jáde. Wọ́n ra kẹ̀kẹ́ aláàárẹ̀ fún ọ, wọ́n ń tì ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí la wá sọ Arò dà? Ẹ kó àwọn ènìyàn yín lọ sí àgọ́ àdúrà, ẹ kó wọn lọ sí ilé àwọn tó pe ara wọn ní olùtọ́jú, ẹ san owó oṣù mélòó kan, ẹ yí nọ́ńbà fóònù yín padà. Ní oṣù Kọkànlá 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nínú ọgbà kan ní àdúgbò Òjóò ní Ìbàdàn. Nínú oṣù kan náà ni Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde lórí ibùdó 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà. Wọ́n bá ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́sẹ̀ ènìyàn nínú ibùdó Kìrìsìtẹ́nì, nínú ibùdó Mùsùlùmí, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, àní ní ibi tí ìjọba ń bójú tó. Ojú kan náà ni àwọn mìíràn wà fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ bínú sí wòlíì, ẹ bínú sí ààfáà, ó tọ́. Ta ló mú aláàárẹ̀ dé iwájú wọn? Bàbá ló wa ọkọ̀ gbé ọmọ lọ. Ẹ̀gbọ́n ló di ọwọ́ àbúrò mú kí wọ́n lè so ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Houston, tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá yín wá ibì kan fi í sí, owó yín ni wọ́n fi ra irin náà. N kò bá àdúrà jà. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àdúrà rọ́pò oògùn, tí ẹ fi ebi pa ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń gbààwẹ̀, tí ẹ fi pàṣán lé ẹ̀mí àìmọ́ lára rẹ̀, ìyà ni ẹ fi ń jẹ ẹ́. Òfin wèrè àtijọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí ń gbé kiri ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti oṣù Kìíní 2023, nígbà tí Buhari, ààrẹ ìgbà náà, buwọ́ lu òfin tuntun tó ka aláàárẹ̀ ọpọlọ sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin kan kò sì lè bá yín wẹ̀ fún aláàárẹ̀ yín.

Èyí tó ń dùn mí wọnú egungun ni ti abísínwín. Nínú obìnrin 1,000 tó bímọ, ọ̀kan tàbí méjì ló máa ń ṣe, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kò ní lè sùn. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sunkún, yóò sọ pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ òun, pé òun ń gbóhùn. Bí wọ́n bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ, ara ọ̀pọ̀ wọn ń yá pátápátá, wọ́n sì ń padà wá tọ́ ọmọ wọn. Àwọn ìyá àgbà wa mọ àìsàn yìí. Wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n mọ̀ pé ìbímọ ló fà á, wọn kì í fi abiyamọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan.

Kí wá ni ẹ̀yin ọkọ òde òní ń ṣe? Ẹ ó pe ìyá ìyàwó lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ẹ wá kó ọmọ yín, ẹ ò sọ fún wa pé irú nǹkan báyìí wà nílé yín." Kí ìyá yẹn tó dé, ìyá ọkọ ti gba ọmọ-ọwọ́ lára rẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ síwájú wòlíì, wọ́n ti ń bi í ní ìbéèrè, gbogbo ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nínú ìdàrúdàpọ̀ orí yẹn ni wọ́n sì kà sí ìjẹ́wọ́ àjẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ yá. Ó padà dé, ó bá obìnrin mìíràn nínú yàrá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ìwọ ọkọ, oyún rẹ ló gbé tó fi dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ibùsùn ilé ìwòsàn ló yẹ kí o wà, kí o di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹlòmíràn gbé ọmọ mọ́ra nítòsí rẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi wálé. Kí lo ń sá fún?

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ gbọ́ tiyín. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kì í sọ pé ìbànújẹ́ fẹ́ pa òun. Wọn yóò ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, orí ń gbóná, àyà ń já, ojú ń ṣú. Ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Roger Mákanjúọlá, kọ̀wé lé e lórí láti Ilé-Ifẹ̀ ní 1987, ó sì fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Kí ni ẹ̀ ń kọ fún wọn? Oògùn ibà. Wọ́n tún padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ tún kọ oògùn ibà. Ẹ bi opó náà bí ó ṣe ń sùn. Ẹ bi í ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó mú bírò.

Ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba yín ń lò fún wèrè ní agbára nínú lóòótọ́. Èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine, tí àwọn onímọ̀ yọ jáde ní 1952 láti ara igi Íńdíà kan tó bá a tan, wà nínú rẹ̀. Ó ń mú ara aláàárẹ̀ balẹ̀. Ó tún ń já agbára ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé ẹni tó mu ún lámujù lè dákú, ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá sì lè gbé e. Ẹ̀yin kan ń bù ú fún ènìyàn láìwọ̀n ọ́n, ẹ sì tún ń so ó mọ́ igi. Kò yẹ yín. Ní 2020, ìwádìí kan tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá aláàárẹ̀ nínú ibùdó oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti àwọn wòlíì, wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀, wọ́n ń bá onílé sọ̀rọ̀ kó jáwọ́ nínú ìyà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún sàn ju ti àwọn tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ fún lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ṣí i fún un.

Oṣù Kejìlá ń bọ̀, ẹ ó ṣe ìpàdé ẹbí, ẹ ó ra màlúù, ẹ ó yan aṣọ. Kí ẹ tó dá owó aṣọ, kí olórí ẹbí ka orúkọ gbogbo ọmọ bàbá yín, láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn, láìfo ẹnì kankan. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ẹni yẹn ni ẹ ó sọ̀rọ̀ lé. Níbo ló wà? Ta ló fojú kàn án gbẹ̀yìn? Oògùn wo ni wọ́n kọ fún un, ìgbà wo ló sì tán? Ta ni yóò mú un lọ sí Arò, tàbí Yábàá, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, ta ni yóò san owó ọkọ̀, ilé ta ni yóò sì máa sùn bí ó bá dé? Kí akọ̀wé kọ orúkọ àwọn tó bá dáhùn sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí á fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nítorí pé àlejò wà lórí ìjókòó, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kí àlejò jókòó gbọ́.